Kí ló dé tí àwọn bàbá àìkú inú àwòrán Jàpáànù fi máa ń rí wúruwùru?

Ọmọ_Kútọ̀:
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nǹkan kan ń jà gùdù lọ́kàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo kátúùnù Jàpáànù lẹ mọ Jiraiya inú Naruto, bàbá onírun funfun tó máa ń pe ọ̀pọ̀lọ́ ńlá jáde yẹn, tí wọ́n tún ń pè ní Gama Sennin. Àbúrò mi ní kì í ṣe orí kátúùnù ni Gama Sennin ti bẹ̀rẹ̀, ó ní àwọn ayàwòrán Jàpáànù ti ń yà á láti ayé àtijọ́. Mo bá lọ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Háà! Bàbá kan ló jókòó sórí àpáta, irun orí ẹ̀ ò mọ ooyà, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀, aṣọ ọ̀hún kàn fẹ̀ sọ́rùn ẹ̀ ni, ọ̀pọ̀lọ́ funfun wá gùn ún léjìká, ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ni ọ̀pọ̀lọ́ náà sì ní. Wọ́n ní ẹni tó ti borí ikú nìyẹn o! Èmi tí mo rò pé ẹni tó bá borí ikú, ṣe ni ojú ẹ̀ á máa dán gbinrin. Kí ló ṣe wọ́n gan-an? Ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀ kó là mí lọ́yẹ̀.

Baba_Onítàdáwà:
Àbúrò, o káre. Iṣẹ́ àwòrán ni mo fi ń jẹun, mo sì fẹ́ràn àwọn bàbá wọ̀nyẹn dọ́ba, torí náà jẹ́ n jókòó dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣáínà ni wọ́n ti wá. Àwọn ẹlẹ́sìn Dao níbẹ̀ gbà pé èèyàn lè fi oògùn, fi ọ̀nà tó ń gbà mí, fi gbígbé lórí òkè níbi tí ariwo ayé ò sí, di ẹni tí ikú ò rí mú mọ́. Àwọn tó bá dé ipò yẹn ni àwọn ará Jàpáànù ń pè ní sennin. Bó o ṣe ṣàlàyé àwòrán yẹn, ó jọ ti Yan Hui, ará Ṣáínà tó gbé ayé nígbà tí àwọn Mongol ń ṣèjọba níbẹ̀. Àwòrán méjì tó jẹ́ ìkejì ara wọn ni, orí sílíìkì ni wọ́n wà, tẹ́ńpìlì Chion-ji ní Kyoto ló ni wọ́n títí dòní. Gama ni ọ̀kan, Tekkai ni èkejì.

Tekkai yẹn gan-an ló yẹ kó o wò. Wọ́n ní arẹwà ọkùnrin ni nígbà kan. Ó fẹ́ lọ rí ọ̀gá ẹ̀ lọ́nà jíjìn, ó bá jẹ́ kí ẹ̀mí ẹ̀ nìkan lọ, ó fi ara sílẹ̀ fún ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ pé kó máa ṣọ́ ọ, tóun ò bá dé lọ́jọ́ keje kó sun ún. Lọ́jọ́ kẹfà ni wọ́n wá sọ fún ọmọ ẹ̀yìn pé ìyá ẹ̀ ń ṣàìsàn, kò lè dúró mọ́, ó bá sun òkú ọ̀hún, ó sáré lọ ilé. Nígbà tí ẹ̀mí fi máa dé, ara ti di eérú. Òkú alágbe arọ kan ló rí lẹ́bàá ọ̀nà, ibẹ̀ náà ló kó wọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fi ọ̀pá irin rìn, pẹ̀lú àdó oògùn ẹ̀ lọ́wọ́.

Wá wo bí Yan Hui ṣe yà á. Ó gbójú sókè, ó ń fẹ́ atẹ́gùn lẹ́nu, tó o bá fi ojú tẹ̀lé ìlà atẹ́gùn tínrín yẹn lọ sókè dáadáa, wàá rí ènìyàn bíńtín kan tó ń lọ lójú ọ̀run. Ẹ̀mí ẹ̀ nìyẹn! Kò tó èékánná. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọjá níwájú ẹ̀ láìrí i.

Torí náà rírí wúruwùru yẹn kì í ṣe àìmọ̀ọ́yà. Ẹni tó bá lè bọ́ ara sílẹ̀ bí ẹni bọ́ agbádá, kí ló kàn án pẹ̀lú ojú dídán?

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:
Ẹ má bínú o Bàbá, ìbéèrè temi kéré. Ṣé wọ́n ń bọ wọ́n ni? Torí tó bá jẹ́ òrìṣà ni, mi ò ní tọ́jú fọ́tò ẹ̀ sórí fóònù mi o 😂

Baba_Onítàdáwà:
Má bẹ̀rù o jàre. Ní Ṣáínà, wọ́n ń bọ àwọn kan nínú wọn. Ní Jàpáànù ọ̀rọ̀ yàtọ̀, torí ẹ̀sìn Dao ò fìgbà kan ní àlùfáà àti tẹ́ńpìlì tiẹ̀ níbẹ̀ bó ṣe ní in ní Ṣáínà. Inú ìtàn àti inú àwòrán ni àwọn sennin bá wọ̀lú. Àwọn mọ́ńkì Zen, ẹ̀ka kan nínú ẹ̀sìn Búdà, tó ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Ṣáínà ló ń kó àwòrán bọ̀, àwọn ṣógùn Ashikaga, àwọn ọ̀gá ológun tó ń ṣèjọba ní Kyoto, náà sì ń kó wọn jọ bí olówó ṣe ń kó ohun ẹ̀ṣọ́ jọ.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí nìyẹn. Tí ayàwòrán bá ń ya Búdà, òfin wà: bí ìka ọwọ́ ṣe gbọ́dọ̀ rí, bí ojú ṣe gbọ́dọ̀ rí, torí èèyàn máa kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀. Sennin ńkọ́? Kò sí ẹni tó fẹ́ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yà á bó ṣe wù ú. Lójú temi, òun ló jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn à ti máa yà wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Àǹtí_Sídí:
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò lè sọ pé wọn ò bọ ẹnì kankan. Jurōjin àti Fukurokuju ńkọ́, àwọn bàbá arúgbó méjì tó wà nínú òrìṣà oríire méje wọn? Fukurokuju yẹn tí iwájú orí ẹ̀ ga fíofío. Láti ọ̀dọ̀ àwọn Dao ni àwọn méjèèjì ti wá, ẹ̀mí gígùn ni wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ wọn. Àwọn èèyàn a tiẹ̀ máa fi àwòrán ọkọ̀ ojú omi tí àwọn méje wọ̀nyẹn wà nínú ẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí lọ́dún tuntun, kí àlá wọn lè dáa.

Baba_Onítàdáwà:
Òótọ́ lẹ sọ, àǹtí. Ẹ yọ àwọn méjì yẹn sọ́tọ̀. Ẹ sì tún wo bí wọ́n ṣe ń ya àwọn náà, ẹ̀rín ló máa ń pa èèyàn.

Ìyá_Ìbejì_Minneapolis:
Ẹ kúulé o. Ẹ ti fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí 😄 Ìlú Minneapolis ni mò ń gbé, mùsíọ́ọ̀mù ńlá wa tí wọ́n ń pè ní Mia, ọ̀fẹ́ ni wọlé wọ̀de, èmi àti àwọn ọmọ a máa lọ síbẹ̀ nígbà òtútù tí kò síbi tá a lè lọ. Wọ́n ní ilẹ̀kùn fífà kan níbẹ̀, àwọn sennin ló wà lójú ẹ̀, wúrà ló wà lẹ́yìn wọn láti òkè délẹ̀. Kano Sansetsu ló yà á. Ẹ wá gbọ́ èyí tó ṣe mí ní kàyéfì: ilẹ̀kùn yẹn ò pé! Ẹ ṣáà mọ̀ pé ilẹ̀kùn ń ní inú ó ń ní ẹ̀yìn. Ní Kyoto, nínú tẹ́ńpìlì Tenshō-in tó wà lábẹ́ Myōshin-ji, tẹ́ ẹ bá wà nínú yàrá kan, igi kan báyìí lẹ máa rí, igi plum arúgbó tó wọ́ tó lọ́ tó dà bíi drágónì. Tẹ́ ẹ bá bọ́ sí yàrá kejì, àwọn sennin ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan náà. Ọdún 1646 ni. Nígbà tó yá wọ́n tà wọ́n kúrò ní tẹ́ńpìlì, wọ́n wá bó ojú méjèèjì kúrò lára ara wọn. Igi ti wà ní mùsíọ́ọ̀mù Metropolitan ní New York báyìí, àwọn sennin wà lọ́dọ̀ wa níbí. Ojú kan ní ìpínlẹ̀ kan, ẹ̀yìn ní ìpínlẹ̀ mìíràn.

Ọmọ mi obìnrin béèrè pé ṣé àwọn bàbá yẹn mọ̀ pé igi wọn ò sí lẹ́yìn mọ́. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Gbọ́yèga_K:
Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ láti òkè. Gbogbo ẹ̀ dùn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa: ṣebí àdàkọ ni? Ọlọ́pọ̀lọ́ ti Ṣáínà ni, arọ ti Ṣáínà ni, Yan Hui ará Ṣáínà ni. Àwọn ará Jàpáànù kàn wò ó wọ́n sì tún un yà. Àwọn Kano tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, ìdílé tó ń fi ìwé àwòkọ kọ́ ọmọṣẹ́ ni, ọmọṣẹ́ á fi ọ̀pọ̀ ọdún da ohun tí ọ̀gá yà kọ kó tó ya tiẹ̀. Lọ́dún 1650 wọ́n tún tẹ ìwé Ṣáínà kan tó kún fún àwòrán àwọn sennin jáde ní Jàpáànù, gbogbo ayàwòrán bá gbà á mú. Kí ni wọ́n wá fi kún un?

Àǹtí_Sídí:
Gbọ́yèga ti dé o 😂 Àfikún lo fẹ́? Gbà.

Chōkarō. Ní Ṣáínà, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ funfun ló ń gùn, tó bá gùn ún tán á ká a bíi bébà, á tì í sápò, tó bá tún fẹ́ gùn ún á fọ́n omi sí i lára. Nígbà tó dé Jàpáànù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ di ẹṣin, bébà di àdó, tẹ́ ẹ bá rí bàbá tí ẹṣin kékeré ń bọ́ jáde lẹ́nu àdó ẹ̀, òun nìyẹn. Wọ́n ti sọ ọ́ dòwe níbẹ̀, tí ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí bá ṣẹlẹ̀ wọ́n á ní ẹṣin jáde látinú àdó.

Kinkō. Bàbá tó wọnú odò lọ, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ dúró létí bèbè, ó sì jáde padà lórí ẹja ńlá. Suzuki Harunobu tó ń tẹ àwòrán alárànbarà ní Edo, ìlú tó di Tokyo lónìí, láàárín ọdún 1760 sí 1770, kí ló fi ìyẹn ṣe? Ó yọ bàbá kúrò lórí ẹja, ó gbé ọmọge arẹwà sí i, ọmọge ń ka lẹ́tà ìfẹ́! Ẹja ń lọ lórí omi, kò kàn án, lẹ́tà ló gbájú mọ́. Ẹni tó bá mọ ìtàn Kinkō nìkan ló máa rẹ́rìn-ín. Ta ni Harunobu da ìyẹn kọ lọ́wọ́ ẹ̀?

Ọmọ_Kútọ̀:
😂😂😂 mo ti lọ wò ó báyìí, ọmọge yẹn ò bìkítà rárá o. Àǹtí, ẹ ṣé gan-an.

Ṣẹ̀gilọlá:
Ẹ má gbàgbé Kume o, torí ọmọ Jàpáànù gidi nìyẹn, kò wá láti Ṣáínà. Bàbá yìí ti jàjàbọ́, ó ti lè fò. Ó ń fò kọjá lórí odò lọ́jọ́ kan, ó wolẹ̀, ó rí obìnrin kan tó ń fọṣọ, tó ká aṣọ ẹ̀ sókè, itan ẹ̀ funfun báláú. Ọkàn ẹ̀ yẹ̀ díẹ̀ báyìí, gbì! ó já bọ́ sílẹ̀ níwájú obìnrin náà. Agbára tán. Ó fẹ́ obìnrin yẹn, ó di èèyàn lásán bíi tiwa. Ìtàn yìí wà nínú àkójọ ìtàn ọ̀rúndún 12 kan, wọ́n ní nígbà tó yá tí ọba ń kọ́lé, òun náà wà lára àwọn tó ń ru igi, àwọn alábòójútó wá ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé sennin, ṣé o ò lè ní kí igi yìí fò ni? Ó bá lọ gbàdúrà, ó gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ gbogbo igi ń fò kọjá lójú sánmà bọ̀ wá síbi iṣẹ́. Ọba fún un nílẹ̀, ó fi kọ́ tẹ́ńpìlì, Kume-dera ṣì wà ní Kashihara lágbègbè Nara títí dòní.

Àmọ́ ẹ wo èyí tí àwọn ayàwòrán fẹ́ràn: ìgbà tó ń já bọ́ ni. Igi tó ń fò yẹn ò wù wọ́n tó itan 😂

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:
Ẹ̀yin ọkùnrin ayé.

Baba_Onítàdáwà:
Gbọ́yèga, mi ò ní bá ẹ jà lórí àwòkọ, torí èmi náà da iṣẹ́ ọ̀gá mi kọ títí ọwọ́ mi fi le. Ohun tó o sọ nípa àwọn Kano, bó ṣe rí náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ wo Sesson kó o tó padà wá. Ọ̀rúndún 16, mọ́ńkì ni, ará Hitachi lápá ìlà-oòrùn, ó jìnnà sí Kyoto àti gbogbo afẹ́ ibẹ̀. Ó ya sennin kan tó ń jẹ́ Ryo Dōhin, wọ́n ní tàdáwà ló fi yà á lórí bébà, mùsíọ́ọ̀mù Yamato Bunkakan ní Nara ló wà. Bàbá náà dúró sórí drágónì, orí drágónì gan-an ló tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na apá méjèèjì gbọọrọ, ó gbé ìgò kékeré kan dání, ó ju orí sẹ́yìn, ó ń wo drágónì mìíràn lójú sánmà. Ìjì ń jà. Ẹ wo irùngbọ̀n ẹ̀: apá kan fò lọ sọ́tùn-ún, apá kan fò lọ sósì. Ìjì wo ló ń fẹ́ sọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan? Kò sí irú ẹ̀ láyé. Sesson mọ̀ pé kò sí, ó sì yà á bẹ́ẹ̀, torí ara bàbá yẹn gan-an ni ìjì ti ń wá.

Ẹni tó bá ní àdàkọ nìyẹn kó fi èyí tó dà kọ hàn mí.

Gbọ́yèga_K:
Ó dáa, Sesson mo gbà. Àwọn yòókù ńkọ́?

Akín_Boston:
Wọ́n ò tíì dárúkọ Soga Shōhaku látàárọ̀, mo sì ti ń dúró. Ẹ̀yin ará, ẹ wá Gunsenzu ẹ̀, àwòrán ọ̀pọ̀ sennin pọ̀, kẹ́ ẹ wò ó lórí ojú kọ̀ǹpútà tó fẹ̀, ẹ má lo fóònù. Ọdún 1764 ló yà á, ọmọ ọdún 35 ni bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ orí níbẹ̀ nígbà yẹn, ó kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra ẹ̀ pẹ̀lú orúkọ gígùn kan tó fi ń fọ́nnu pé ìran ẹni ńlá lòun. Pátákó ìdábùú méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú mẹ́fà tó ń ká, gíga ẹ̀ tó nǹkan bíi 172 sẹ̀ǹtímítà, fífẹ̀ ẹ̀ ń lọ sí mítà mẹ́rin. Ìjọba Jàpáànù ló ni ín báyìí.

Mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Pupa àti búlúù tó fi sáwọn aṣọ ń pariwo, àpáta àti igi wá jẹ́ tàdáwà lásán, dúdú àti eérú, ojú ò mọ èyí tó máa gbà. Tekkai wà níbẹ̀. Ryo Dōhin wà lórí drágónì ẹ̀, aṣọ ẹ̀ yí po nínú ìjì. Lápá kejì, Gama tó o béèrè lọ́wọ́ wa, Ọmọ_Kútọ̀, ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọ́ ẹ̀, obìnrin arẹwà kan sì ń bá a ro etí! Ẹni àìkú o, ó fi etí sílẹ̀, ara tù ú, ojú ẹ̀ ti fẹ́ yí. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Ayaba Ìwọ̀-oòrùn, Seiōbo, tó ni èso píìṣì tó jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta ló fi ń so, ẹni tó bá jẹ ẹ́ ò ní kú. Gbogbo àmì ẹ̀mí gígùn tí èèyàn fi ń kí ẹlòmíì kú oríire ló pé síbẹ̀, àmọ́ ojú àwọn èèyàn yẹn ń dẹ́rù bà mí. Mo rò pé ó fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Boston tí mo wà yìí, iṣẹ́ Shōhaku pọ̀ ní Museum of Fine Arts, torí dókítà kan, Bigelow, gbé Jàpáànù láwọn ọdún 1880 nígbà tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ò ka irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sí, ó ń rà wọ́n ní ràbàrábá. Àwọn ará ilé ò mọyì ẹ̀, àjèjì kó o lọ. Ẹ máà jẹ́ n sọ ju ìyẹn lọ, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń ta wá.

Ọmọ_Kútọ̀:
Ro etí kẹ̀! Mo ti rí i 😂😂 Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ báwo ni àwọ̀ yẹn ò ṣe ṣá látọdún 1764? Pénkì ilé wa ò tí ì pé ọdún méjì ó ti di eérú.

Baba_Onítàdáwà:
Òkúta ni, ọmọ mi. Búlúù yẹn, òkúta azurite tí wọ́n lọ̀ ni, àwọ̀ ewé náà, òkúta malachite. Tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ díẹ̀, tó ṣì hóró, búlúù ẹ̀ á jinlẹ̀, tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ kúnná, á fẹ́ funfun díẹ̀, torí náà òkúta kan ṣoṣo lè fún ẹ ní búlúù oríṣiríṣi. Funfun wọn, ìkarahun ni, wọ́n á jẹ́ kó gbó kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń pò ó, awọ ẹran tí wọ́n sè ni. Ibẹ̀ ni wàhálà wà o: tí gọ́ọ̀mù bá pọ̀ jù, àwọ̀ á sán, tó bá kéré jù, á máa bù dànù bí ìyẹ̀fun. Tàdáwà ńkọ́, èéfín ni, èéfín igi páìnì tàbí ti epo, wọ́n fi gọ́ọ̀mù kan náà mọ ọ́n di odindi, ìwọ lo máa fi omi lọ̀ ọ́ lórí òkúta láàárọ̀ kó o tó ṣiṣẹ́. Èéfín kì í ṣá.

Àti pé lórí bébà tàbí sílíìkì, tàdáwà ò gba àtúnṣe. Irùngbọ̀n Sesson yẹn, ẹ̀ẹ̀kan náà ló fà á.

Àǹtí_Sídí:
Akín, mi ò gbà pé ó fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣẹ̀fẹ̀ kì í náwó òkúta iyebíye sórí ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Pátákó ńlá méjì pẹ̀lú gbogbo àwọ̀ yẹn, olówó kan ló gbéṣẹ́ fún un, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fún ìgbéyàwó tàbí ọjọ́ ayẹyẹ. Wọ́n fẹ́ ẹ̀mí gígùn, ó fún wọn ní ẹ̀mí gígùn bó ṣe rí gan-an: èèyàn tó ti pẹ́ láyé kọjá àlà, tí kò sí ohun tó ń tì í lójú mọ́.

Gbọ́yèga_K:
Àbí ó ya wèrè ni? Mo kà á pé àwọn èèyàn ń pè é bẹ́ẹ̀.

Akín_Boston:
Wèrè kọ́ o. Wọ́n ní ó máa ń sọ pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ àwòrán, ẹ wá sọ́dọ̀ òun, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀dà nǹkan lásán lẹ fẹ́, kẹ́ ẹ lọ bá Maruyama Ōkyo. Ōkyo yẹn ni ìràwọ̀ Kyoto nígbà náà, ẹni tó máa ń jókòó ti ẹranko kó lè yà á bó ṣe rí. Ẹni tó mọ orúkọ ẹni tí wọ́n jọ ń du ọjà, tó tún mọ ibi tó máa ti bù ú, orí ẹ̀ pé.

Gbọ́yèga_K:
Ó dáa, mo gbà fún Shōhaku náà. Ó ku àwọn Kano. Àwọn yẹn ṣì ni àdàkọ lójú temi, kí Ìyá Ìbejì má bínú.

Ìyá_Ìbejì_Minneapolis:
Mo bínú o 😏 Wá sí Minneapolis kó o wá dúró níwájú wúrà yẹn kó o tún un sọ.